Àsíá Róòmù Tó Kọjú Sódì

Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n ní kí n wá bá àwọn ọmọ ilé kéú wa sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe. Mo múra. Mo wọ agbádá tí mo fọwọ́ ara mi kó iṣẹ́ sí lọ́rùn. Mo jókòó tán, ọmọ àkọ́kọ́ tó nawọ́ sókè ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀rọ ò sí nígbà yẹn ni?" Ìkejì ní èló ni wọ́n ń san. Ìkẹta ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù. Mo bá dìde, mo ní ó yá, ẹ jẹ́ n lọ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á kà á. Ẹni tó ń béèrè owó, ó tó jẹun, ó sì tó fi ránṣẹ́ sílé. Ó parí. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ gidi.

Kíkó iṣẹ́ sára aṣọ niṣẹ́ mi. Èmi Múráínà, ọmọ Ìlọrin, Mùsùlùmí ọmọ Mùsùlùmí, àmì Jésù ni mo fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ iṣẹ́ mi rán sára àsíá ní Dublin. Ṣé ẹ ti rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Sàlámì ni mo ti kọ́ṣẹ́ ní Ìlọrin. Agbádá àwọn ọlọ́lá ni Bàbá máa ń kó iṣẹ́ sí, abẹ́rẹ́ ọlọ́wọ́ ni, kò gba ẹ̀rọ láyè nílé rẹ̀. Odidi ọdún kan, fífi òwú sójú abẹ́rẹ́ nìkan niṣẹ́ mi. Bàbá kì í nani, kì í bú èèyàn. Tí iṣẹ́ rẹ bá wọ́, á gbé aṣọ náà sókè, á ní, "Ta ló kó eléyìí o? Ẹ bá mi kí i kú iṣẹ́." Gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Ìwọ alára á mọ̀ pé o ò ní jẹun ọ̀sán àfi tí o bá tú u.

Àwa náà ní ọ̀nà tí a fi ń sọ fún Bàbá tí òun náà bá ṣàṣìṣe. Kò sẹ́ni tó máa ní, "Bàbá, ẹ ṣì í." Ta ni ẹ́? Ẹni tó dàgbà jù nínú wa á rọra wí pé, "Bàbá, ó dà bí ẹni pé iná ilé yìí ò mọ́lẹ̀ tó lónìí." Bàbá á dáwọ́ dúró. Á tún aṣọ wò. Á ní, "Lóòótọ́, iná ò mọ́lẹ̀," á sì tú u. Ojú ò ní ti ẹnikẹ́ni. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló kó bá mi lẹ́yìn ọ̀la.

Bí mo ṣe dé Dublin kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Mo débẹ̀ nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi ọrọ̀ ajé wọn wé ẹkùn. Gbogbo ìlú ń kọ́lé, gbogbo èèyàn ń ra mọ́tò, ṣọ́ọ̀bù àwa aláwọ̀ dúdú sì ti kún Parnell Street. Ìyá Tóbi, tó ń ṣe irun nísàlẹ̀ ilé kan níbẹ̀, ló sọ fún mi pé òyìnbó obìnrin kan wà lókè òun tó ń wá ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ lò. Miss Nóra nìyẹn. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò lọ́kọ, kò bímọ, kò sì ga ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Àsíá ìjọ àti aṣọ oyè àwọn fadá ló ń rán. Mo rò pé mo ti ríṣẹ́ ìrọ̀rùn. Ta ló sọ? Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Mo sọ orúkọ mi fún un lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá ní, "Grand, Murray," ìyẹn ni pé ó dáa. Bí mo ṣe di Murray nìyẹn. Mi ò jiyàn. Orúkọ tirẹ̀ ló wà lórí ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi. Tó bá lé mi lónìí, mo gbọ́dọ̀ palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ́la. Ẹni tó bá wà nírú ipò yẹn, tí wọ́n bá pè é ní Màlúù, á jẹ́.

Mo ti ń kó iṣẹ́ fún ogún ọdún kí n tó pàdé obìnrin yìí, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òwú wúrà kì í gba inú aṣọ kọjá. Orí aṣọ la máa ń tẹ́ ẹ sí, ká wá fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ dè é mọ́lẹ̀, àlàfo ìdè kan sí ìkejì ò sì gbọdọ̀ ju hóró ìrẹsì lọ. Tí mo bá ṣe tán, Miss Nóra á fi àtàǹpàkò tọ ojú iṣẹ́ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí ìka rẹ̀ bá ti kọsẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa sọ: "Tú u." Kò ní ṣàlàyé, kò ní bínú. Tú u. Ọdún méjì ni mo fi ń tú nǹkan. Nígbà míì mo máa ń rò ó pé iṣẹ́ títú ni wọ́n gbà mí fún.

Bí a ṣe wà nìyẹn fún ọdún mẹ́wàá kí Dermot tó dé. Dermot ní ilé ìkẹ́rù ńlá ní Ballycoolin, owó ń dá a láàmú. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n á múra bí ọmọ ogun Róòmù àtijọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin, tó níyàwó, tó bímọ, á wọ yẹ̀rì awọ, á máa fi idà igi lu ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú pápá tútù. Mo ní kí Ọlọ́run má fowó fún òpònú. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ àsíá, àwa la sì ń rán àsíá.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé irú àsíá tí wọ́n fẹ́. Àwọn ọmọ ogun Róòmù máa ń gbé ọ̀pá ga síwájú ogun. Òmíràn ní idì lórí, òmíràn ní ìkookò tàbí ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Òmíràn ní igi ìdábùú lókè, aṣọ onígun mẹ́rin á sì rọ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀. Ọmọ ogun tó bá sọ nù nínú ìjà, ọ̀pá náà ló máa fojú wá. Nígbà tí ọba wọn kan wá gba ti Jésù, ó ní kí wọ́n fi àmì Kírísítì sára rẹ̀. Lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ yẹn lédè Gíríìkì ni àmì náà, wọ́n gbé ọ̀kan lé ìkejì. Ọ̀kan dà bí igi méjì tó dábùú ara wọn. Ìkejì dà bí ọ̀pá tó yọ ikùn lókè, ikùn náà sì kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń wò ó. Ẹ má gbàgbé ikùn yẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Dermot àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi jiyàn. Àwọn kan ní inú ìwé àtijọ́, orí ọ̀pá ni àmì náà wà, nínú adé ewé oníwúrà. Àwọn kan mú àwòrán owó ẹyọ àtijọ́ wá, ara aṣọ ló wà níbẹ̀. Wọ́n á gòkè wá, wọ́n á pariwo, wọ́n á mu tíì wa tán, wọ́n á tún lọ. Níkẹyìn wọ́n ní ara aṣọ ni kí á rán an sí: aṣọ sílíkì elése àlùkò, àmì wúrà láàárín, adé ewé wúrà yí i ká.

Bí Ìyá Tóbi ṣe gòkè tó rí àwòrán náà lórí tábìlì, ó ké, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Bàbá, àmì ẹgbẹ́ òkùnkùn wo lẹ gbé wọlé yìí?"

Mo ní, "Ìyá Tóbi, Jésù tẹ́ ẹ ń ké pè yẹn ló ni í."

Ó ní Jésù tòun ò ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Ó gbàdúrà yí tábìlì ká kó tó sọ̀kalẹ̀. Ní mọ́sáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn kan tún ń bi mí bóyá ọmọ ogun Kírísítì ni mo ti dà. Ibo ni kí n yà sí?

Àmọ́ mo rí i pé iṣẹ́ yìí yàtọ̀ lójú Miss Nóra. Dermot ti ṣèlérí pé òun máa gbé àsíá náà sínú gíláàsì nínú gbọ̀ngàn kan ní Clondalkin, orúkọ ẹni tó rán an á sì wà lábẹ́ rẹ̀, lára páànù idẹ. Miss Nóra sọ fún mi pé, "Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń rán aṣọ fún ṣọ́ọ̀ṣì, Murray. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ mi sábẹ́ nǹkan kan rí." Ó ní òun fẹ́ ẹyọ kan yìí kí òun tó fiṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò gbọ́ kó sọ pé òun fẹ́ nǹkan kan rí àfi lọ́jọ́ náà.

Òun fúnra rẹ̀ ló ya àmì náà sórí bébà, tó fi abẹ́rẹ́ lu ihò wẹ́wẹ́ sójú ìlà rẹ̀. Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn: a ó tẹ́ bébà sórí aṣọ, a ó fi ẹfun lílọ̀ gbo ó, ẹfun á gba ihò bọ́ sára aṣọ. Tí bébà bá dojú dé, iṣẹ́ dojú dé nìyẹn. Nítorí ẹ̀ ló ṣe máa ń fi pẹ́ńsù pupa sàmì sí ojú tó gbọ́dọ̀ wà lókè. Lọ́jọ́ yẹn, mo dúró tì í, ó tẹ́ bébà, pupa náà sì dojú bolẹ̀. Ó gbo ẹfun. Ó gbé bébà kúrò. Ikùn àmì náà kọjú sí òsì.

Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Grand."

Nígbà yẹn ni gbogbo ohun tí mo ti ń rí láti bí ọdún kan wá já mọ́ra wọn. Bó ṣe máa ń da tíì sẹ́yìn ife. Bó ṣe máa ń fọwọ́ wá àlùmọ́gàjí. Bó ṣe jẹ́ pé àtàǹpàkò ló fi ń yẹ iṣẹ́ wò, kì í fojú wò ó mọ́. Ojú obìnrin yìí ti ń lọ, ó sì ń fi pamọ́ fún gbogbo ayé. Àánú ṣe mí, ẹ̀rù sì bà mí. Mo wá rántí ilé Bàbá Sàlámì.

Mo ní, "Miss, ó dà bí ẹni pé iná ibí ò mọ́lẹ̀ tó lónìí."

Ó yíjú sí mi gán-ún. "Iná mọ́lẹ̀ dáadáa, Murray."

Lọ́jọ́ kejì ó gbé àtùpà iná kan dé. "Ṣé ó tó báyìí?" Mo ní kò dá mi lójú, mà. Ó tún ra òmíràn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, àtùpà mẹ́ta ló ń ranjú mọ́ mi lórí tábìlì, mo ń làágùn bí ẹni tó ń dín àkàrà, ikùn àmì náà sì kọjú sí òsì síbẹ̀.

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá Ìyá Tóbi. Ó ní, "Ẹ sọ fún un, Bàbá."

"Mo ti sọ fún un."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ní iná ò mọ́lẹ̀ tó."

Ó fi kóòmù sílẹ̀ lórí oníbàárà rẹ̀. "Háà! Òyìnbó lẹ ń sọ ìyẹn fún? Ẹ ní ó dojú dé! Ó dojú dé, mà, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, ó tán!"

Mo ní kì í ṣe ẹnu mi ni àgbàlagbà á ti gbọ́ pé ojú rẹ̀ ti ń fọ́. Mo pè é ní ọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo ti dàgbà tó báyìí kí n sọ òótọ́: ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi ni mo ń rò. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mo kàn wọ aṣọ ọ̀wọ̀ fún un ni. Oṣù mẹ́rin ni mo fi rán àmì tó kọjú sódì, mo sì mọ̀ ọ́n. Kò sí iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ṣe rí. Miss Nóra ò tiẹ̀ ní kí n tú ẹyọ kan.

Ọjọ́ ìṣíṣọ lójú àsíá pé, gbọ̀ngàn Clondalkin kún. Àwọn Róòmù Dermot tò síbẹ̀ pẹ̀lú asà àti fìlà irin. Miss Nóra wọ kóòtù tuntun. Wọ́n ká aṣọ kúrò lójú àsíá, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi ayé rẹ̀ kọ́ èdè Gíríìkì, wọ gíláàsì rẹ̀, ó sún mọ́ ọn. Ó ní, "Ó rẹwà. Ó mà ṣe o, sódì ló kọjú sí."

Àtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró. Ojú Dermot pọ́n. "Ta ló ṣe eléyìí?"

Mo ní, "Èmi ni, sà. Àṣìṣe mi ni." Mo rò pé mo gba Miss Nóra là. Dermot ti gbẹ́nu lé mi, ó ń pariwo pé òun mọ̀ pé kò yẹ kí wọ́n gbé irú iṣẹ́ yẹn fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àárín ariwo yẹn ni Miss Nóra, tó dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí àsíá náà lábẹ́ iná gbọ̀ngàn, fà mí lápá. Ó béèrè jẹ́jẹ́, gbogbo èèyàn sì gbọ́:

"Murray, kí ni wọ́n ní ó ṣe é?"

Gbogbo gbọ̀ngàn ló mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pé kò ríran mọ́. Tí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ yẹn, mo ti wọlé.

Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà, Miss Nóra jókòó tì mí. Ó wá ní, "O rí i."

"Mo rí i, mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ ẹfun."

"Ọ̀rọ̀ àtùpà yẹn nìyẹn?"

Mo ṣàlàyé Bàbá Sàlámì fún un. Mo ní nílé wa a kì í wí fún àgbà pé ó ṣì í, ọ̀wọ̀ ni. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní, "Inú òkùnkùn ni mo wà, Murray, ìwọ sì dúró níbẹ̀, ò ń bọ̀wọ̀ fún mi."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Dermot fóònù. Ó ní ẹ̀rọ kọ̀ńpútà kan wà nítòsí ilé ìkẹ́rù òun tó lè rán an láàárín ọjọ́ méjì. Miss Nóra ní kó fi ẹ̀rọ rán tirẹ̀, kó máa gbé e jáde nínú òjò. Èyí tó máa wọ inú gíláàsì, kó fún wa lóṣù mẹ́rin. Dermot béèrè ta ni yóò rán an. Ó ní, "Murray á rán an, èmi á tọ̀ ọ́ wò." Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó yíjú sí mi. "Tú u."

Mo tú oṣù mẹ́rin. Òwú wúrà tí a bá ti tú ò ṣeé lò mọ́, wọ́n kàn ń wọ́ jọ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi ni. Ojú ihò abẹ́rẹ́ sì ti hàn lára aṣọ náà, a ní láti ra òmíràn. Nígbà tí mo tẹ́ bébà, ó jókòó tì mí, ó ní, "Níbo ni ikùn rẹ̀ kọjú sí? Sọ ọ́ sókè."

"Ọ̀tún, mà."

"Tún un sọ."

"Ọ̀tún!" Ìyá Tóbi gbọ́ ọ nísàlẹ̀.

Ní oṣù kẹta, àtàǹpàkò rẹ̀ dúró lára adé ewé. Ó ní, "Eléyìí wọ́. Tú u." Mo wò ó. Kò wọ́. Mo tún un wò, mo fi òṣùwọ̀n lé e. Mo ní, "Kò wọ́, mà. Ẹ ṣì í." Mo ń retí kí òrùlé já. Ó tún fi ìka tọ̀ ọ́, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe pé iná ò mọ́lẹ̀?" Mo ní, "Iná mọ́lẹ̀, mà. Ẹ̀yin lẹ ṣì í." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè ẹ̀rọ, èmi náà rà á lẹ́yìn tí Miss Nóra fiṣẹ́ sílẹ̀, n ò lè parọ́. Abẹ́rẹ́ méjìlá ló ní, òwú ọ̀rá ló ń lò dípò wúrà, ọmọ mi Rúkà ló sì ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Tó bá ṣiṣẹ́kíṣẹ́ tán, á ní, "It's grand, Dad." Mo ní kò sí ohun tó grand níbẹ̀, tú u. Ó ní ohun tí ẹ̀rọ bá rán kì í ṣeé tú. Ṣé ẹ rí ohun tó ń bí mi nínú? Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé àsíá kejì sínú gíláàsì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ. Kò sí ayẹyẹ. Dermot, èmi, Miss Nóra àti ọ̀pá funfun rẹ̀ nìkan la wà nínú gbọ̀ngàn. Ikùn àmì náà kọjú sí ọ̀tún. Miss Nóra na ọwọ́ títí ìka rẹ̀ fi kan páànù idẹ tó wà nísàlẹ̀, ó ní kí n kà á fún òun. Mo ka orúkọ rẹ̀, orúkọ àbísọ àti ti bàbá rẹ̀, pátá. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Omi ti dé ojú rẹ̀.

Ó ní, "Tìrẹ ńkọ́? Mo ní kí Dermot kọ tìrẹ náà."

"Ó wà níbẹ̀, mà. Wọ́n kọ Murray."

"Ó dáa nígbà náà."

Mo fẹ́ dákẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo rántí àtùpà mẹ́ta yẹn. Mo ní, "Kò dáa, mà. Murray kì í ṣe orúkọ mi. Múráínà ni. Ọdún mọ́kànlá lẹ ti ń ṣì í pè."

Ó gbìyànjú orúkọ náà lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí ó fi bọ́ sí i. Ó wá fi ọ̀pá funfun rẹ̀ kan páànù idẹ náà.

"Dermot," ó ní, "tú u."